Àrùn erìgì àti eegun àgbọ̀n: bí ìtọ́jú tí kò ní iṣẹ́ abẹ nínú ṣe ń lọ, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Eegun tí àrùn erìgì bá ti jẹ kúrò nídìí eyín kì í sábà hù padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn lélẹ̀ ná, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń retí pé tí wọ́n bá ti fọ eyín àwọn ní ọsibítù tán, eyín tó ń mì yóò le koko bíi ti àtijọ́. Iṣẹ́ tí ìtọ́jú yìí ń ṣe fún eegun ni pé ó ń dá jíjẹ rẹ̀ dúró, ó ń jẹ́ kí èyí tó ṣẹ́ kù le sí i, ó sì ń jẹ́ kí erìgì lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò eyín padà. Ìyẹn tó fún ọ̀pọ̀ eyín láti fi jẹ ẹran àti àgbàdo sísun fún ọdún gbọọrọ, tí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, tí ẹni tó ni ẹnu náà sì ń ṣe tirẹ̀ nílé.

Ohun tó ń jẹ eegun

Nínú ẹnu tí ara rẹ̀ le, orí eegun tó di eyín mú máa ń wà ní nǹkan bíi mìlímítà 1 sí 2 nísàlẹ̀ ibi tí orí eyín ti pàdé gbòǹgbò. Èérí rírọ̀ tí èèyàn ń fi ahọ́n kàn lára eyín láàárọ̀, tó ń yọ̀, kòkòrò àìfojúrí ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Tí a kò bá nù ún kúrò fún ọjọ́ mélòó kan, èròjà inú itọ́ á sọ ọ́ di líle bí òkúta. Èyí ni wọ́n ń pè ní táátà. Erìgì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á pọ́n, á wú, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò bá kàn án. Títí dé ibí yìí, kò tíì sí ohun tó ṣe eegun. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n yọ táátà náà, tó sì ń fọ ẹnu rẹ̀ dáadáa, erìgì rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà.

Tí wọ́n bá fi sílẹ̀, erìgì lè ṣí kúrò lára gbòǹgbò, àlàfo kan á sì wà láàárín wọn tí àwọn dókítà ń pè ní àpò erìgì. Afẹ́fẹ́ kò dé ìsàlẹ̀ àpò yẹn, irú ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò bíi Porphyromonas gingivalis sì fẹ́ràn. Kòkòrò náà kò jẹ eegun fúnra rẹ̀. Ara tó ń bá a jà ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì atúeegun, tí wọ́n ń pè ní osteoclast, lólobó pé kí wọ́n máa tú eegun sẹ́yìn, kó lè jìnnà sí ibi tí ìjà wà. Ìdí rèé tí oògùn apakòkòrò tí wọ́n gbé mì lásán kì í fi yanjú ọ̀ràn náà: èérí ṣì wà nínú àpò, ara ò sì ní yé jà. Gbogbo èyí kì í sábà dunni. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tàbí tí àlàfo ṣàdédé yọ láàárín eyín iwájú méjì, ni wọ́n tó fura.

Ọ̀nà méjì ni eegun ń gbà jẹ, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì. Nígbà míì gbogbo orí eegun á lọ sílẹ̀ pẹrẹsẹ láàárín eyín púpọ̀, eyín á wá dà bí òpó tí àgbàrá ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹ̀gbẹ́ eyín kan péré ni yóò gbẹ́ wọlé, tí kòtò tóóró á wà láàárín gbòǹgbò àti eegun tó ṣì dúró. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò ní gíga ga sí i mọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú. Èyí tó gbẹ́ kòtò ló ṣeé ṣe kó kún díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ya ìwọ̀n mìlímítà sí lára. Dókítà á tì í wọ àárín erìgì àti eyín jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀ àpò, ní ojúkò mẹ́fà lára eyín kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta níta, mẹ́ta nínú. Ẹni tí eyín 32 pé sí lẹ́nu, iye 192 ni wọn yóò kọ sílẹ̀ fún un. Mìlímítà 1 sí 3 dára. Mìlímítà 4 sí 5 jẹ́ àpò tó nílò ìtọ́jú, pàápàá tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Mìlímítà 6 sókè ti jìn. Wọ́n á tún kọ ibi tó ṣẹ̀jẹ̀, ibi tí erìgì ti fà sókè, eyín tó ń mì, àti bóyá irin wọ àárín gbòǹgbò eyín ẹ̀yìn, nítorí eyín tá a fi ń lọ oúnjẹ sábà ní gbòǹgbò méjì tàbí mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ni ẹ́síréè. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ojú rẹ̀ mọ: eegun á ti pàdánù nǹkan bí ìdá 30 sí 50 nínú 100 èròjà líle rẹ̀ kí fọ́tò tó fi hàn kedere. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá ni ẹ́síréè ń sọ. Ẹ̀jẹ̀ àti jíjìn àpò ló ń sọ ti òní. Látinú méjèèjì ni wọ́n á ti mọ ìpele tí àrùn náà dé: tí eegun tó jẹ kò bá tó ìdá 15 nínú 100 gígùn gbòǹgbò, ìpele kìíní ni, láti 15 sí 33, ìpele kejì, tó bá ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, ó di ìpele kẹta tàbí ìkẹrin. Ìlànà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2017, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2018, ni wọ́n ń lò.

Ẹ bèèrè fún ìwé tí wọ́n kọ iye náà sí, tàbí kí ẹ fi fóònù yà á. Láìsí iye ti àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta bóyá ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́.

Ibí yìí náà ni kí ẹ ti sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, tó fi mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Amlodipine àti nifedipine wọ́pọ̀ nílé wa, erìgì àwọn míì sì máa ń wú bò eyín nítorí wọn. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ríru lè pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹni tó ń lo oògùn eegun bí alendronate, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bíi warfarin, tàbí tí wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù ọkàn rẹ̀ (ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn), gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó ń lo alendronate, ìtọ́jú tí kò ní iṣẹ́ abẹ nínú tún wá dáa jù, torí pé yíyọ eyín àti gígé erìgì lè mú kí eegun àgbọ̀n rẹ̀ kọ̀ láti jinná.

Ìgbésẹ̀ 2: ilé ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀

Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ erìgì ní Yúróòpù gbé jáde ní 2020 fi èyí ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ìtọ́jú pátápátá, kí irin ìfọ̀ kankan tó wọ abẹ́ erìgì, ó sì tọ̀nà. Wọ́n lè fọ inú àpò mọ́ lónìí, kí èérí tún kún ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹnu ojú àpò bá ń dọ̀tí lójoojúmọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ tàbí tó mọ níwọ̀n, ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, pẹ̀lú ọṣẹ eyín tó ní fluoride 1,000 sí 1,500 ppm. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Ẹ dá irun búrọ́ọ̀ṣì náà dúró ní ìdajì ìdúró àti ìdùbúlẹ̀, kí ó kọjú sí ibi tí erìgì ti pàdé eyín, kí ẹ sì mì ín wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fà wìì sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú agbára, gbòǹgbò eyín ló ń họ.

Àárín eyín ni iṣẹ́ wà jù, torí ibẹ̀ ni eegun ti sábà ń kọ́kọ́ jẹ. Òwú ìfọyín dára fún àárín tó há. Níbi tí erìgì ti fà sókè, búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n ń tì bọ àárín eyín ló ń ṣiṣẹ́: ẹ mú èyí tó wọlé tó sì kún ibẹ̀ láìfipá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì nílò ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta. Kí irin àárín rẹ̀ má ṣe máa ha eyín. Ẹ̀jẹ̀ á yọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má torí rẹ̀ dáwọ́ dúró, torí erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ló nílò rẹ̀.

Ní ti pákò, a ò bá a jà. Orín àtá àti pákò Ìjẹ̀bú tí wọ́n jẹ ẹnu rẹ̀ dáadáa títí ó fi di ìjànjá á nu ojú eyín mọ́. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kò dé àárín eyín, inú eyín ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ ahọ́n náà sì máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lò ó, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àárín eyín kún un. Ògógóró tí wọ́n ń fẹnu há, tàbí áṣáà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ìdí eyín, ń jó erìgì ni, kò dé inú àpò.

Sìgá ni ọ̀tá tó burú jù fún eegun yìí. Ó ń mú kí erìgì má ṣẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, amusìgá á wá rò pé ẹnu òun dá ṣáṣá nígbà tí eegun ń jẹ lábẹ́lẹ̀, ìtọ́jú kì í sì í ran àpò rẹ̀ tó ti ẹlòmíì. Ìtọ̀ ṣúgà ló tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe àyẹ̀wò HbA1c, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ga tó láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn; tó bá ti tó 7 nínú 100, tàbí tí èèyàn bá ń mu sìgá 10 sókè lóòjọ́, àrùn náà bọ́ sí ìsọ̀rí tó ń yára jẹ eegun jù. Àǹfààní ibẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ ni: ìtọ́jú erìgì fúnra rẹ̀ ń fa HbA1c wálẹ̀, ní nǹkan bí ìdá 0.4 láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ 3: fífọ abẹ́ erìgì

Ẹ jẹ́ ká la èyí yé ara wa. Scaling oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ń yọ táátà tó hàn sójú tí wọ́n sì ń dán eyín, dáa fún ẹni tí eegun rẹ̀ ṣì pé. Fún ẹni tó ní àpò mìlímítà 6, ìyẹn kò tíì dé ibi tí àrùn wà.

Wọ́n á kọ́kọ́ fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú, èyí tó wọ́pọ̀ ni lidocaine 2% pẹ̀lú adrenaline díẹ̀. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà yín bí ẹ ṣe ń lò ó. Ẹ̀rọ ultrasonic, tí ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 25,000 sókè ní ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ̀lú omi tó ń dà lé e, ló ń fọ́ táátà ńlá. Irin ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní Gracey ló tẹ̀ lé e, oríṣiríṣi ni: 5/6 fún eyín iwájú, 7/8 fún ojú ìta àti inú eyín ẹ̀yìn, 11/12 fún ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síwájú, 13/14 fún ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sẹ́yìn. Ilé ìtọ́jú tó jẹ́ irin kan ṣoṣo ló fi ń ṣe gbogbo eyín, kò lè dé gbogbo ibẹ̀. Wọ́n lè pín ẹnu sí mẹ́rin kí wọ́n máa ṣe ìdá kan lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí wọ́n parí gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí 24. Àbájáde méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le dáadáa, kó mú ti mẹ́rin.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Àpò tó bá ti kọjá mìlímítà 5, táátà tó ń ṣẹ́ kù níbẹ̀ ń pọ̀ sí i, torí bí afọ́jú ni irin ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìmọ̀lára ọwọ́ nìkan ló kù. Àárín gbòǹgbò eyín ẹ̀yìn tún le ju ìyẹn lọ: ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sábà máa ń tóóró ju ẹnu irin Gracey gan-an lọ. Òmíràn ni táátà tí irin tó ti kú fi kàn ń dán lójú dípò kó yọ ọ́. Ó á dán lábẹ́ irin, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ibi wọ̀nyí ni eegun á ti máa jẹ lọ lẹ́yìn ìtọ́jú, àyàfi tí wọ́n bá padà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń gbọ́ ni pé fífọ eyín ní ọsibítù ló ń mú kí eyín mì. Táátà ńlá tó so eyín méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lè dì wọ́n mú lóòótọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ ni onítọ̀hún á mọ bí eegun rẹ̀ ti kéré tó. Ìmìtìtì náà ti wà tẹ́lẹ̀, ó sì sábà ń dín kù láàárín oṣù mélòó kan tí erìgì bá ti fún pọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ìrora ọjọ́ kan sí méjì. Paracetamol máa ń tó. Iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi yọ ẹnu ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Tí wọ́n bá fún yín ní omi chlorhexidine 0.2%, mìlílítà 10 ni, fún ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kó má kọjá ọ̀sẹ̀ méjì; ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ fi ọṣẹ fọ eyín, torí ọṣẹ ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ó ń mú kí eyín ní àwọ̀ ilẹ̀, ìyẹn á ṣeé nù kúrò.

Omi tútù á máa ta eyín. Gbòǹgbò tí erìgì tó wú bò tẹ́lẹ̀ ti jáde síta nìyẹn, ó sì sábà ń lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ bá ń lo ọṣẹ eyín tí wọ́n ṣe fún eyín tó ń ta.

Oògùn apakòkòrò kò sí fún gbogbo èèyàn. Amoxicillin 500 mg pẹ̀lú metronidazole 400 mg, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ fún ọjọ́ méje, wà fún àwọn díẹ̀ tí àrùn wọn ń yára jẹ eegun, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ìgbà tí wọ́n bá sì ti ń fọ àpò náà ni wọ́n ń lò ó. Èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìfọ inú àpò, wíwú nìkan ló máa dín kù, eegun á ṣì máa jẹ.

Ìgbésẹ̀ 5: kí wọ́n tún àpò wọ̀n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Kí ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti irin wọ ibẹ̀, torí awọ tuntun tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ṣì rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, iye tuntun á jáde. Àpò tó jẹ́ mìlímítà 4 sí 6 tẹ́lẹ̀ sábà ń dín ní nǹkan bíi mìlímítà 1. Èyí tó jẹ́ 7 sókè lè dín ní nǹkan bíi 2.

Ẹ jẹ́ ká mú eyín kan tí àpò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó di 5. Níbo ni méjì tó lọ wà? Nǹkan bíi mìlímítà kan jẹ́ wíwú tó fà: erìgì fà kúrò lára eyín díẹ̀, eyín wá dà bíi pé ó gùn sí i. Èkejì jẹ́ pé ìsàlẹ̀ àpò ti lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò padà. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn yìí, awọ ni, kì í ṣe eegun tuntun. Nítorí náà tí eyín bá rí gígùn, tí ihò dúdú kékeré sì yọ láàárín eyín iwájú, inú yín lè máà dùn sí i nínú dígí, ṣùgbọ́n àmì pé wíwú lọ ni.

Eegun fúnra rẹ̀ máa ń lọ́ra. Ẹ́síréè tí wọ́n yà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ló lè fi hàn pé etí eegun tó ti rí jákujàku tẹ́lẹ̀ ti padà ní ìlà funfun tó mọ́, pé ó sì ti dì sí i. Nínú èyí tó gbẹ́ kòtò, ìsàlẹ̀ kòtò lè kún díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ẹ́síréè fún yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti wá fi eegun tuntun hàn yín.

Ohun tí ẹ ń wá nínú ìwé náà ni pé kí àpò tó kọjá mìlímítà 4 tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ má sí mọ́, kí èyí tó jẹ́ 6 sókè sì tán. Níbi tó bá ti ṣẹ́ kù sí 4 tàbí 5, wọ́n á tún fọ ibẹ̀. Níbi tó ṣì jẹ́ 6 sókè, ẹ bèèrè fún dókítà tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú erìgì. Irú wọn wà ní àwọn ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà, UCH ní Ìbàdàn àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Kòtò eegun tó jìn tó mìlímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni iṣẹ́ abẹ tó ń mú eegun hù dára fún jù. Ẹ jẹ́ kí ti àìlo iṣẹ́ abẹ ṣáájú bó ti wù kó rí, torí erìgì tó wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kì í gba abẹ dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 6: àtúnwá

Ní gbogbo oṣù mẹ́ta sí méjìlá, bí ewu ẹnu yín bá ṣe tó, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fọ ibi tó bá yẹ. Amusìgá àti onítọ̀ ṣúgà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sá, kì í sì í pẹ́ tí àpò á fi padà, torí ara tó jẹ eegun nígbà kan ṣì ní ìwà yẹn.

Kí ẹ tó gbà kí wọ́n yọ eyín kan torí pé ó ń mì díẹ̀, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìtọ́jú. Eegun ibi tí wọ́n ti yọ eyín náà máa ń rù: ìbú rẹ̀ lè dín ní nǹkan bí ìdajì láàárín ọdún kan. Ẹni tó sì ń ronú àtiri eyín irin mọ́ eegun, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí àpò eyín tó kù dí, nítorí kòkòrò kan náà á kó bá eegun tó yí irin ká, àpò ìdí irin sì ṣòro fọ̀ ju ti eyín lọ.